Ohùn Ìyá, Ohùn Ọmọ

Ọmọ náà ké kí orí rẹ̀ tó yọ. Èmi tí mo ti ń gbẹ̀bí l'Ágége láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọ̀sán gangan ni. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ọ̀rá tó wà lẹ́yìn ògiri wa ń pariwo bó ṣe máa ń pa á, àmọ́ n kì í ṣi igbe ìkókó gbọ́. Mo wo ẹni tó ń rọbí. Ẹnu rẹ̀ ni igbe náà ti ń jáde.

Hàmdálàt ni, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ó la ẹnu láti pè mí, igbe ìkókó ló tún bọ́ síta. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí.

Mo ní kí Nùréènì, ọkọ rẹ̀, lọ wá mọ́tò tí yóò gbé wa dé ọsibítù. Àwọn obìnrin inú ilé wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣe àdúrà tí gbogbo wa máa ń ṣe fún aboyún: "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o!" Mo fi gbogbo ara ṣàmín. Ta ló mọ̀ pé ó yẹ ká béèrè ju ohùn lọ?

Kí mọ́tò tó dé, ọmọbìnrin ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, ara rẹ̀ gbóná, ojú rẹ̀ là kedere. Hàmdálàt ò mí mọ́. Mo pè é, mo gbá a létí, mo da omi sí i lójú. Ọmọ tó yẹ kó sin mí ti lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín. Ẹ̀sìn wa ò gba kí obìnrin tẹ̀lé òkú, nítorí náà mo jókòó sílé, mo gbé ọmọ lé itan. Nùréènì wọlé, erùpẹ̀ wà lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Màámi," ó rọra ní, "ṣé ọmọ sunkún lẹ́yìn tá a lọ?"

"Kò tíì sunkún rárá."

"Nígbà tá a bò ó tán, a gbọ́ igbe ìkókó lábẹ́ ilẹ̀. Àáfà ní ká má dúró, ká má wẹ̀yìn."

Mo ní ká padà lọ hú u. Ó ní kò sẹ́ni tó máa gbà fún wa, ó sì bú sẹ́kún.

Ọmọ orí itan mi yíjú sí mi, ó la ẹnu. Ohùn Hàmdálàt ni, ohùn tó fi ń pè mí láti kékeré.

"Màámi, ẹ lọ gbé ọmọ mi wá. Ebi ń pa á."