Àga Ìyá Aránṣọ

Ojú rírán tó wà lára tìmùtìmù náà kì í ṣe tirẹ̀. Ìyá Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ ọ́ lọ láti igun kan dé èkejì. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán tìmùtìmù àga rẹ̀, òwú funfun ló sì lò. Ẹni tó wá tú u, tó tún un rán yìí, òwú dúdú ló lò, ó sì fà á le bí ẹni tó ń di ẹnu àpò tí nǹkan alààyè wà nínú rẹ̀.

"Wọ́n tún ti dé," ó sọ fún ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà.

Láti ìgbà tí Ọ̀gá ilé ìwòsàn tó ń bá ránṣọ ti fẹ́ fi àbúrò ìyàwó rẹ̀ sípò ìyá yìí ni nǹkan kò ti gún mọ́. Wọn kò lè lé e, nítorí kò ṣẹ̀. Kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń lọ ni wọ́n ń wá. Wọ́n yọ gúlóòbù yàrá rẹ̀. Wọ́n gbé fáànù lọ. Aṣọ ibùsùn tó ti rán tán, wọ́n á ní kó tú u, kó tún un rán. Lánàá, sálúbàtà tó máa ń wọ̀ níbi iṣẹ́ tún di ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ta ní í jí ẹsẹ̀ bàtà kan? Ó wọ èyí tó kù, ó fi ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀ lófìfo. Ojú ọkọ rẹ̀ kò ríran mọ́, iṣẹ́ yìí ló ń bọ́ àwọn méjèèjì. Kò níbi tó ń lọ.

Ó mú àlùmọ́gàjí kó lè tú òwú dúdú náà. Kò tíì gé ẹyọ kan tí Igbákejì Ọ̀gá fi já wọlé.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ dákun, mo fẹ́ gbé àga yín."

"Kí ló tún dé?"

"Ẹ̀yìn ń dun Ọ̀gá. Wọ́n ní kí n wá àga tó ní tìmùtìmù."

"Nínú gbogbo ilé ìwòsàn yìí! Kí èmi wá jókòó lé afẹ́fẹ́?"

"Màmá, tó bá sú yín, ilé yín ò kúkú jìnnà." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé àga sí èjìká.

"Kò sú mi o!" ó pariwo tẹ̀lé e. "Ìdúró ni n ó ti máa rán an!"

Ìdúró náà ló wà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì nígbà tó gbọ́ bàtà kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: kó, kó, kó. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò sáré, kò sì sinmi. Ó yọjú. Ọ̀gá ni, nínú kóòtù àti táì, tí òógùn bò ó. Nọ́ọ̀sì kan ń gbé abọ́ oúnjẹ tẹ̀lé e lẹ́yìn.

"Kí ló ń ṣe wọ́n?"

"Láti àná tí wọ́n ti dìde lórí àga ni, mà. Wọn ò lè jókòó, wọn ò lè dúró. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹun, àfi kí n máa bá wọn rìn."

Ọ̀gá dé ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di òpó mú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹlẹ̀ lójú kan náà. Ó wo yàrá náà yíká.

"Màmá," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "àga yín dà?"

"Ẹ tún ń bi mí? Ṣebí Igbákejì yín ló wá gbé e fún yín!"

Ojú Ọ̀gá wá dà bíi ti ẹni tó ṣèèṣì gbé májèlé mì.

"Àga yẹn ni? Ẹni tó bá wa ṣe é ní ẹni tó bá jókòó sórí ẹ̀ á kàn máa lọ ni. Á kàn máa lọ..." Ọwọ́ rẹ̀ yọ lára òpó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ. "Màmá, ẹ bá mi tú u!"

Ìyá Aránṣọ pòṣé. "Ẹ ṣe é tán, ẹ ní kí n wá tú u. Ní ibi iṣẹ́ yìí, ṣé kò síṣẹ́ míì ju kí n máa tú nǹkan lọ ni?"

Igbákejì fúnra rẹ̀ ló gbé àga náà padà. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó nà án jìnnà sí ara.

"Ẹ má bínú, mà. Kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ lọ mọ́." Ó gbé e kalẹ̀, ó sá.

Ọ̀rọ̀ tí ìyá náà ti ń retí nìyẹn, ṣùgbọ́n kò ráyè yọ̀. Ìró tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti yí padà: bàtà Ọ̀gá ti jẹ tán, ẹran ara ló ń lu ilẹ̀ báyìí. Kò lè gbà á sétí mọ́. Ó fi ìbínú fa àlùmọ́gàjí, ó gé òwú dúdú náà, ó ki ọwọ́ bọ inú tìmùtìmù. Gìgísẹ̀ sálúbàtà rẹ̀ tó sọnù ló fà jáde. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Ìró ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́. Ó gbọ́ tí Ọ̀gá wó lulẹ̀, tó ń sunkún ìsinmi.

"Ó tó gẹ́ẹ́," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Ẹ jẹ́ kí n jókòó ṣiṣẹ́ mi."

Gìgísẹ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ó na èkejì sí abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ náà kò jìnnà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tó o mọ́. Ó wolẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọjá ẹnu ọ̀nà.

"Mi ò ní mò ń lọ o!" ó ń pariwo bó ti ń kọjá géètì. "Ẹ jẹ́rìí mi, mi ò fiṣẹ́ sílẹ̀ o!"

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ tó jókòó síwájú ilé gbọ́ ìrìn kan tó mọ̀: ẹsẹ̀ kan nínú sálúbàtà, èkejì lófìfo. Inú rẹ̀ dùn.

"Ìyàwó mi, o ti dé?"

"Mi ò tíì dé," ohùn tó ti há dá a lóhùn.

Ẹsẹ̀ náà kò yà. Ó kọjá lọ.