Aṣọ Funfun Tí Kò Gbọdọ̀ Dé Abẹ́ Ẹ̀rọ

Ẹsẹ̀ Àtinúkẹ́ kò dúró lórí ẹ̀rọ. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ló ti jókòó tì í, tó ń tẹ̀ ẹ́, tí aṣọ funfun kan nà sínú òrùka igi lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó ti yọ irin tó máa ń di aṣọ mọ́lẹ̀ kúrò, bí gbogbo ẹni tó ń ṣe mónógíráàmù, ọnà òwú ara aṣọ, ti í ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi ń darí òrùka náà, òwú sì ń tẹ̀lé àpẹẹrẹ ewé tí ó fi ìyẹ̀fun èédú là sí ọrùn aṣọ.

Aṣọ òkú ni. Yèyé rẹ̀ ló kú ní Ìgèdè ní Ọjọ́bọ̀. Sátidé nìyí, aago mẹ́wàá sì ni wọn yóò gbé e jáde. Àwọn obìnrin ìjọ ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń retí aṣọ.

Olúbùnmi, ọ̀rẹ́ Àtinúkẹ́ láti kékeré, ló wá mú un. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìgèdè, ìjọ kan náà sì ni òun àti olóògbé. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Aago mélòó ló lù?"

"Ó ku díẹ̀ kó lu méje. Ṣe é jẹ́jẹ́."

"Olúbùnmi, ọdún kan ààbọ̀ ni mo ti fi ṣe é jẹ́jẹ́."

Ó yẹ kí n sọ bí ọdún kan ààbọ̀ ṣe lè kọjá lórí aṣọ tí kò gbà ju wákàtí méjì lọ.

Ní ọdún 1976 ni Àtinúkẹ́ ra ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ àlòkù kan, ó sì sọ yàrá iwájú ilé rẹ̀ ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì, di ibi iṣẹ́. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó gbé ẹ̀rọ sí ojú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ má bàa ti ẹ̀yìn wá. Ó fi abẹ́rẹ́ lu àwọn bébà àpẹẹrẹ rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, ó ká wọn sínú agolo kí eku má jẹ wọ́n. Ó ń fọ òwú tuntun wò kí ó tó lò ó, kó lè mọ èyí tó máa ṣí. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta kọjá, ènìyàn mẹ́rin péré ló wọlé.

Sùúrù ló kù kí ó fi kún un. Kò ní in. Ó tọ ọkùnrin kan tó ń ta àwúre lọ. Ìyẹn fún un ní ìdì awọ kékeré kan pé kí ó so ó mọ́ abẹ́ tábìlì ẹ̀rọ.

"Èrò yóò máa wọ́ wá," ni ọkùnrin náà wí. "Èèwọ̀ kan ṣoṣo ló ní. Aṣọ funfun kò gbọdọ̀ kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ yìí. Ọjọ́ tó bá kọjá, ìwọ gan-an lè má dìde níbẹ̀ mọ́."

Èrò wá lóòótọ́. Wọn ì bá wá bákan náà, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ìlú sì ti ń mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìdì awọ ni Àtinúkẹ́ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ènìyàn fura díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, Alájì Àkíbù tó ń ta pákó gbé agbádá funfun wá.

"Alájì, ẹ jọ̀ọ́, n kì í ṣe funfun. Ẹ lọ mú aláwọ̀ wá."

"Ìyá oníṣẹ́, kí ni funfun ṣe yín? Ṣé ó ń bù yín jẹ ni?"

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àtinúkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó sì yára kó òwú rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1977 ni ìyá rẹ̀ wọ mọ́tò wá láti Ìgèdè. Obìnrin náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí ó tó gba Jésù gbọ́. Kàlíkò funfun ló dì sínú ìborùn.

"Kú uṣẹ́ o, ọmọ mi. Wọ́n ní n ó ṣe ìrìbọmi lọ́jọ́ Àjíǹde. Aṣọ mi rèé, wọ́n ti bá mi rán an. Ewé díẹ̀ péré ni mo fẹ́ lọ́rùn, kí n lè sọ pé ọmọ mi ló ṣe é."

"Ẹ fi sílẹ̀, Yèyé. N ó ṣe é."

Ó tì í sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀.

Ìyá náà tún wá kí oṣù méjì tó pé. "Ó kù díẹ̀, Yèyé," ni Àtinúkẹ́ wí. "Iṣẹ́ ìyàwó kan ló wà níwájú." Ó lè gbé e fún oníṣẹ́ mìíràn. Ìgbéraga kò jẹ́. Kò fẹ́ kí àwọn ará Ìgèdè rí iṣẹ́ ẹlòmíràn lọ́rùn ìyá rẹ̀.

Àjíǹde dé. Ìyá náà yá aṣọ wọ̀ lọ sínú omi. Aṣọ náà tóbi jù, wọ́n ká apá rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Àtinúkẹ́ kò lọ. Ó ránṣẹ́ pé iṣẹ́ pọ̀.

Lẹ́yìn ìrìbọmi, ìyá náà wá lẹ́ẹ̀kẹta. Kò bínú. "N ó máa wọ̀ ọ́ lọ sí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni," ló wí. Bí ó ti ń dúró de èsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa gígé òwú nílẹ̀, nítorí kì í rí ohun tó ṣì wúlò kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ṣa á dé abẹ́ ẹ̀rọ. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó wo ojú ọmọ rẹ̀ títí.

"Ọmọ mi, ìgbà tí o bá lè ṣe é, kí o ṣe é."

Kò béèrè mọ́ títí ó fi kú.

Òwúrọ̀ Sátidé yìí nìyẹn, nínú oṣù keje ọdún 1978, ìgbà àkọ́kọ́ tí funfun yóò kan abẹ́rẹ́ náà, nítorí Àtinúkẹ́ kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ lọ sí sàréè láìwọ aṣọ náà. Ewé kan ló kù ní apá òsì nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣẹ́.

Àtinúkẹ́ fò dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. "Ó ti dé! Mo mọ̀ pé yóò dé! Olúbùnmi, dì mí mú, mo kú o!"

"Kí ló dé?"

"Funfun! Èèwọ̀ rẹ̀ ni!" Ó nawọ́ sí abẹ́ tábìlì, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìkù ẹyọ kan.

Olúbùnmi dìde. Ó yọ ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tó kù sára aṣọ, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́.

"Abẹ́rẹ́ ló ṣẹ́, Àtinúkẹ́. O ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mélòó ló ti ṣẹ́ lórí aṣọ búlúù?"

Àtinúkẹ́ wo ṣóńṣó náà. "Wọ́n pọ̀."

"Yèyé mọ̀."

"Wọ́n mọ kí ni?"

"Wọ́n rí ìdì yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣa òwú. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni a jọ ń gbàdúrà lórí ẹ. Kí wọ́n tó dákẹ́, wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé àwọn ò bínú nítorí aṣọ. Wọ́n ní Jésù ti fi aṣọ wọ àwọn. Ìwọ ni wọ́n ń rò. Wọ́n ní, 'Kí ni ọmọ mi yóò wọ̀ níwájú Rẹ̀?'"

Àtinúkẹ́ wó lulẹ̀ sáàárín gígé òwú. "Kí ló dé tí wọn ò bá mi jà? Wọn ì bá kúkú bá mi jà!"

Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ó mú sísọ́ọ̀sì, ó rá wọ abẹ́ tábìlì, ó gé okùn ìdì náà. Kò tú u wò. Ó gbé e jáde, ó jù ú sínú iná ìdáná, ó padà wá, ó kúnlẹ̀.

"Jésù, ìdì awọ ni mo bẹ̀rù jù Ọ́ lọ. Mo bẹ̀rù rẹ̀ títí mo fi ṣẹ́ ìyá mi. N kò ní nǹkan kan tí mo lè fi tún un ṣe. Bí mo ṣe rí yìí, gbà mí."

Ó gbà á. Èmi kò ṣiyèméjì nípa ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ Jésù tó fún irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì tó fún tìrẹ. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn ọ́ jẹ. Ọlọ́run dárí jì í, ìyá rẹ̀ kò sì jí. Ọjọ́ Àjíǹde yẹn kò padà, ìyá náà kò sì fi ọwọ́ kan ewé tó wà lọ́rùn aṣọ náà rí. Ẹkún yẹn ṣì wà lójú Àtinúkẹ́ títí di òní.

Ìwọ tí o ń kà á, kí ló wà lábẹ́ tábìlì tìrẹ? Ó lè jẹ́ oògùn, ó lè jẹ́ ìgò ọtí, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí o kọ̀ láti tọrọ ìdáríjì lé lórí. Ìwọ náà ń sọ fún Olúwa pé ó kù díẹ̀, iṣẹ́ kan ló wà níwájú. Ta ló sọ fún ọ pé ọ̀la jẹ́ tìrẹ? Má tíì fi ìwé yìí di ẹ̀pà. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, nísinsìnyí, kí o dárúkọ ohun náà fún Jésù bí ó ti ń jẹ́ gan-an, kí o sì jù ú sínú iná kí o tó jẹun òní. Ẹni tó ń pè ọ́ kò bínú sí ọ. Má ṣe dúró de òkú kí o tó gbọ́.

Àtinúkẹ́ gbé àga dìde. Ó fi abẹ́rẹ́ mìíràn sí i, ó fi òwú sí i lójú, ó jókòó. Ó ṣe ewé tó kù, jẹ́jẹ́, láìfo ihò kan. Ó yọ aṣọ kúrò nínú òrùka, ó yí inú rẹ̀ síta, ó sì gé gbogbo ìrù òwú ẹ̀yìn rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní wò. Ó gbọn èédú rẹ̀ dànù. Ó ká a.

Olúbùnmi na ọwọ́. "Mú un wá, kí n bá ẹ gbé e."

"Rárá. Èmi ni n ó gbé e, èmi ni n ó sì wọ̀ ọ́ fún wọn."

Ó da aṣọ mìíràn bo ẹ̀rọ, ó ti fèrèsé, ó di aṣọ funfun náà mọ́ àyà, ó sì jáde lọ wọ mọ́tò ọ̀nà Ìyìn tó ń lọ sí Ìgèdè.