Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá

"Jókòó jẹ́ẹ́, Ìdíá! Bí o bá tún mi orí yìí, oògùn á ta sí ẹ lójú."

Ìdíátù wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìnkùlé ilé wọn ní Muṣin, ó di ojú pinpin. Ọmọ ọdún méje ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Sàúdátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti wà ní kíláàsì kẹta ní ilé-ìwé gíráámà. Òun nìkan ló mọ̀wé kà nínú ilé náà, ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé ìgò oògùn àti ìwé lé e lọ́wọ́.

Ọdún tí ìjọba sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ni. Ọgọ́rin ọmọ ń há mọ́ra wọn ní kíláàsì kan, iná orí sì ń ti orí kan bọ́ sí òmíràn láìsanwó ọkọ̀. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Àwọn ìyá àdúgbò pa iná títí ó fi sú wọn. Ni àwọn elétò ìlera bá gbé oògùn tuntun kan wá láti dán an wò. Nọ́ọ̀sì Adéníran, obìnrin ará Yábà kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ló pín in fún ogún ọmọ.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni kó lò lórí," ló sọ fún àwọn òbí, "lẹ́yìn náà kí ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ má fi nǹkan mìíràn kún un o. À ń dán an wò ni, a ò tíì mọ gbogbo ìwà rẹ̀. Ohun tí ẹ bá ṣe gan-an ni kí ẹ kọ sínú ìwé. Lọ́jọ́ keje, màá wá yẹ orí wọn wò."

Ìyá Sàúdá tẹ ìka sí ìwé pé òun gbọ́, òun sì gbà.

Àmọ́ Ìleyá ku ọjọ́ mẹ́rin. Onídìrí àdúgbò ti lé Ìdíátù lẹ́nu ọ̀nà pé òun ò lè fi òòyà òun kan orí oníná. Ọmọ náà sunkún títí kò fi jẹun ọ̀sán. Ìyẹn dun Sàúdátù wọra. Bí ó ṣe ń da oògùn sórí rẹ̀ lọ́wọ́ ni Shakirat, ọ̀rẹ́ rẹ̀, yọ.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ̀? Kí ni ìyẹn fẹ́ pa?" Shakirat bú sẹ́rìn-ín. "Po àdí àgbọn mọ́ ọn, fi òwú kó irun ẹ̀, kó o wá fi ọ̀rá wé e lórí. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di Ìleyá. Àbí o fẹ́ kí gbogbo kíláàsì máa pè ẹ́ ní ẹ̀gbọ́n oníná?"

"Wọ́n ní ká fọ̀ ọ́ o."

"Ta ló ń wò ẹ́?"

Sàúdátù bojú wẹ̀yìn, kò sí àgbàlagbà kankan nítòsí. Ó po àdí mọ́ oògùn, ó fi òwú dúdú kó irun náà, ó sì fi ọ̀rá wé e pinpin. Nígbà tó parí, ó mú bírò, ó kọ ọ́ lọ́nà tó gún régé pé: "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A fọ̀ ọ́. A ò fi nǹkan kan kún un."

Ní ọjọ́ kejì, ó ṣí ọ̀rá náà. Ìdíátù gbá dígí mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀. "Àǹtí Sàúdá, mo mà rẹwà o! Orí ò yún mi mọ́!" Ìyá wọn tọjà dé, òun náà yin irun náà.

Ní ọjọ́ kẹta, Ìdíátù bì. Kò pẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ara rẹ̀ le gbandi, ojú rẹ̀ sì yí sókè. "Gìrì ti mú un o!" ni ìyá rẹ̀ ké. Wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù.

Dókítà Ọlápàdé ka ìwé náà, ó gbójú sókè. "Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé ẹ fọ oògùn náà kúrò lóòótọ́?"

Sàúdátù wo ìyá rẹ̀. Ìka tí ìyá rẹ̀ tẹ̀ ló wá sí i lọ́kàn, ẹ̀rù bà á pé ìyá òun ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Ó ní, "A fọ̀ ọ́, sà."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe oògùn. Ó ní láti jẹ́ pé ibà ló gun orí."

Abẹ́rẹ́ ibà ni wọ́n ń gún ọmọ náà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan orí rẹ̀. Oògùn ṣì wà lábẹ́ òwú, ó ń wọ awọ orí rẹ̀ lọ. Sàúdátù dúró ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń rí i bí gìrì ṣe ń gbé àbúrò rẹ̀ ṣánlẹ̀ léraléra.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì tí wọ́n dé ọsibítù ni Nọ́ọ̀sì Adéníran gbọ́, tó sì dé. Ó fọwọ́ pa orí ọmọ náà, ó gbọ́ òórùn ọwọ́ ara rẹ̀.

"Sàúdátù, kí lo fi sí irun yìí?"

Ìgbà náà ni Sàúdátù kúnlẹ̀, tó sì jẹ́wọ́. Wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé òwú, wọ́n fá irun, wọ́n fọ orí náà lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ìdíátù ò kú. Ìleyá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, gìrì náà ò fi í sílẹ̀ pátápátá, ẹnu tí kì í sinmi sì ti dákẹ́. Shakirat ò yà sílé wọn mọ́.

Ní ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì Adéníran wá gba ìgò rẹ̀, kò pariwo. "Mi ò mọ̀ mọ́ bóyá oògùn yìí dára tàbí kò dára," ló sọ. "A ti dá ìdánwò náà dúró. Sàúdátù, àṣìṣe ni ohun tó o fi sórí ọmọ yìí, ọmọdé sì lè ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n ká ní o sọ òótọ́ nígbà tí dókítà bi ẹ́, fífọ̀ la bá fọ orí ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ì bá gbà wá."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti Sàúdátù ò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, síbẹ̀ ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àṣìṣe tí a bá tètè jẹ́wọ́ ṣì lè ní àtúnṣe. Èyí tí a bá fi irọ́ bò, ẹlòmíràn ló máa ń jìyà rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Sàúdátù a máa gbé àbúrò rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi tàtijọ́. "Ìdíá, ta ni mí?" Ìdíátù á máa wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò. Orí rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí iná kan ṣoṣo níbẹ̀.