Àbẹ́là Kẹrin

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá, ìyàwó mi kú. A ti tan àbẹ́là méjì nínú mẹ́rin. Ó ku méjì.

Kí ọ̀rọ̀ àbẹ́là yìí tó lè yé ẹnikẹ́ni, mo ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìyàwó mi.

Oníṣẹ́ iná mànàmáná ni mí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ṣọ́ọ̀ṣì kan pè mí pé kí n wá fi gílóòbù wẹ́wẹ́ ṣe gbọ̀ngàn wọn lọ́ṣọ̀ọ́ de Kérésì. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo débẹ̀. Mo bá ọmọbìnrin kan, tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké, tó ń gé bébà pupa àti funfun, tó ń so wọ́n mọ́ra bí ẹ̀wọ̀n. Mo kí i, ó dáhùn, kò gbójú sókè.

Mo ki wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, fíúsì jó, gbogbo gbọ̀ngàn ṣókùnkùn. Ojú tì mí. Mo ṣá ìṣáná, mo rí àbẹ́là mẹ́rin lórí tábìlì láàárín ewé tútù tí wọ́n ká roboto. Mo tan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo rò pé mo ti rí nǹkan gidi ṣe.

Ọmọbìnrin náà dìde, ó rọra fẹ́ mẹ́ta pa.

"Ọ̀kan ni ti ọ̀sẹ̀ yìí," ó ní. "Ẹ̀yin ń sáré lọ bá Kérésì. Òun ló ń bọ̀ wá bá wa."

N kò mọ ohun tó ń jẹ́ Ádífẹ́ntì nígbà náà. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, Kérésì kàn máa ń já wọlé ni. Òun ló ṣàlàyé fún mi, lábẹ́ àbẹ́là kan ṣoṣo yẹn, pé ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin ni wọ́n fi ń retí rẹ̀, àbẹ́là kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti pé inú ìdúró yẹn gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Mo tún iná náà ṣe tán, n kò fẹ́ lọ sílé. Ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lọ́kàn. N kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ láti sọ sí i.

Bàbá rẹ̀ ló ń lu aago ṣọ́ọ̀ṣì náà, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí kì í gbọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti sọ mí ní Iná-Mẹ́rin, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ mi. Mo wá sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ wù mí.

"Ìwọ Iná-Mẹ́rin, ara rẹ kò balẹ̀," ó ní. "Tí Ádífẹ́ntì bá tún dé, wá bá wa jókòó ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Má bèèrè nǹkan kan. Tí a bá tan ìkẹrin tí o ṣì wà lórí àga, kí o wá sọ̀rọ̀."

Bàbá náà mọ ibi tó ń tẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni gbogbo ayé ń wá oníná. Mo jókòó lọ́sẹ̀ kìíní, mo jókòó lọ́sẹ̀ kejì. Lọ́sẹ̀ kẹta, iná ilé ìtajà ńlá kan kú, ọ̀gá mi sì ní n kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà títí yóò fi tàn. Bàbá kò bínú. Ó kàn ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá wọn bẹ̀ ẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ta ló ń torí àbẹ́là dá ọmọ dúró sílé. Ọmọ náà nìkan ni kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun yóò dúró dè mí, ó sì dúró.

Lọ́dún kejì, mo fi iṣẹ́ ọ̀gá mi sílẹ̀ kí n lè ráyè jókòó. Bí wọ́n ṣe tan ìkẹrin, kí n tó la ẹnu, bàbá ní, "Ó ti tó, Iná-Mẹ́rin. Mú un máa lọ kí ó tó gé gbogbo bébà ilé mi tán."

A ṣègbéyàwó nígbà tí ọdún tuntun wọlé.

Láti ìgbà tí mo ti dá dúró ni iṣẹ́ ti pọ̀ sí i. Bí Ádífẹ́ntì bá ti bẹ̀rẹ̀, orí òrùlé olórùlé ni mo máa ń wà. Ìyàwó mi á ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá dé. Ohun tó bá ga jù ú lọ, á fi sílẹ̀ dè mí. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e kọ́, títí kan ọmọbìnrin wa tó ga jù ú lọ. Àwọn àlejò a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ṣé omi ló kún inú ilé yìí, tó gbé ọ̀ṣọ́ dé ìdajì ògiri, tó wá fà ni. Á ní, "Ẹni tó ni òkè ṣì ń bọ̀." Ọjọ́ tí Kérésì bá ku ọ̀la ni mo máa ń dé, pẹ̀lú àárẹ̀, tí mo ń gun àkàbà nílé ara mi. A máa ń sọ pé tí mo bá fẹ̀yìn tì, a ó jọ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún yìí mo fẹ̀yìn tì.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kìíní, ó na ìṣáná sí mi, ó ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú.

"Ọ̀kan o, Iná-Mẹ́rin mi."

"Mo gbọ́, Tíṣà."

Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì, ó gbé orí lé èjìká mi bí àbẹ́là ṣe ń jó. Ó ní inú òun dùn pé mo wà nílé. Inú tèmi náà dùn, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́. Ó yẹ kí n sọ ọ́.

Ní Ọjọ́rú yẹn, mo wà lórí àkàbà ní pálọ̀, ó ń na ẹ̀wọ̀n bébà sí mi láti orí àga. Ó ní apá ń ro òun, òun fẹ́ sinmi díẹ̀. Mo kọjú sí ògiri, mo ń bá a sọ̀rọ̀ lọ, mò ń bi í bóyá òkè ilẹ̀kùn ni kí n gbé ìràwọ̀ kọ́ sí tàbí ojú fèrèsé. Mo tún un bi. Mo rò pé ó ń rò ó lọ́wọ́ ni.

Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró.

A sin ín ní ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ kejì, àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀ṣọ́ ara ògiri. Ó ní kò bójú mu kí ilé ọ̀fọ̀ máa dán bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin wa náà sì gbè é lẹ́yìn. Àwọn méjèèjì kò jẹ̀bi. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí la máa sọ fáwọn èèyàn?"

"Ẹ sọ fún wọn pé a ò tíì ṣe é tán."

Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta, nígbà tí wọ́n ti lọ tán, mo jókòó sídìí tábìlì. Mo tan ìkíní, mo tan ìkejì, mo tan ìkẹta. Ìṣáná ṣì ń jó lọ́wọ́ mi, ó sì ti súnmọ́ òwú ìkẹrin. Kò sí ẹni tí yóò fẹ́ ẹ pa mọ́. Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí ó fi jó mi níka. Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ ìṣáná náà pa.

Ohun tó fi sílẹ̀ nìyí:

Sísọ́ọ̀sì kan, tí bébà pupa ṣì há sí lẹ́nu.

Ẹ̀wọ̀n bébà tí kò dé ògiri kejì.

Ìgò ojú rẹ̀, lórí apá àga.

Ike gọ́ọ̀mù tí ìdérí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tó ti gbẹ.

Ìràwọ̀ kan nínú páálí. Kò sọ ibi tí mo máa gbé e kọ́ sí.

Ọmọbìnrin wa.

Èmi.

Àbẹ́là kan, tí òwú rẹ̀ ṣì funfun.