Ilé tí Ẹ̀gbọ́n Rí Létí Omi

Kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ná: mi ò fi iyọ̀ sí i. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, ó ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, orí rẹ̀ sì pé. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ibi tí kò bá yé òun, kò lè yé èmi náà.

Ọmọ ìyá méjì ni wọ́n, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn ńlá kan: aṣọ ibùsùn, aṣọ dókítà, aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ fún aláìsàn. Àbúrò ń gbé tẹlifóònù nílé ìwòsàn kan náà. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti kékeré, kò tilẹ̀ rántí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú bí abẹ. Bí ènìyàn bá ṣáà ti kí i lórí tẹlifóònù, ó ti mọ̀ bóyá dókítà lẹni náà ń wá, tàbí ẹni rẹ̀ ló ti kú.

Yàrá kan ni wọ́n jọ ń gbé, lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ọkọ Ẹ̀gbọ́n ti bá tirẹ̀ lọ tipẹ́. Àbúrò kò ní ọkọ rí. Ẹ̀gbọ́n a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìwọ ṣáà máa gbé fóònù ọkọ ọlọ́kọ kiri."

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo ìyá wọn, tó ń dá gbé ní ìlú tí ojú irin parí sí. Odidi ọjọ́ kan ni ìrìn náà ń gbà. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń jókòó sójú fèrèsé. Àbúrò a fi èjìká ti èjìká rẹ̀, a ní, "Ẹ sọ fún mi." Ẹ̀gbọ́n a sì bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́, ó gbé àkàbà kọ́ èjìká. Ajá mẹ́ta ń lé ara wọn. Pápá bọ́ọ̀lù kan rèé, kò sí ẹnì kan níbẹ̀.

Bí ọ̀sán bá ti ń rọ̀, ọkọ̀ a dúró níbì kan tí kò sí ibùdókọ̀. Níbẹ̀ ni ojú irin ti di méjì. Ọkọ̀ tiwọn a dúró de èyí tó ń ti iwájú bọ̀, kó lè ráyè kọjá.

Ibẹ̀ ni Ará Ọ̀hún ń gbé. Orúkọ tí àwọn méjèèjì fún un nìyẹn.

"Ilé pákó ni, létí omi," Ẹ̀gbọ́n a wí. "Ó ti jáde. Aṣọ yẹ́lò ló wọ̀. Ó ń sá aṣọ."

"Aṣọ ta ni?"

"Tirẹ̀ ni. Kì í fọ ti ẹlòmíì."

Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi ń bẹ Ará Ọ̀hún wò báyìí láti inú ọkọ̀. Òrùlé rẹ̀ jò, wọ́n tún un ṣe. Ó lóyún, ó bímọ, ọmọ náà rìn. Lọ́jọ́ tí tẹlifóònù kò bá dún púpọ̀, Àbúrò a máa rò ó níbi ìjókòó rẹ̀ pé báwo lobìnrin yẹn ṣe ń ṣe lásìkò òjò yìí, ní etí omi níbẹ̀ yẹn.

Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Ẹ̀gbọ́n. Kò pẹ́ tó fi dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn tó ti ń fọ aṣọ rẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún. Àbúrò jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ará Ọ̀hún," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Kò sí."

"Ó kú ni?"

"Kò sí rí. Kò sí ilé kankan níbẹ̀. Omi ni, àti koríko."

Àbúrò fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ibùsùn.

"O ní kí n sọ ohun tí mo rí. Ohun tí mo rí kò tó sọ. Bí mo bá ti ń wo ìta, ọkàn mi á lọ. Ibi tó bá lọ ni mo máa ń sọ fún ọ."

"Ajá mẹ́ta yẹn ńkọ́?"

"Ajá wà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì dùn ún níkùn. "Ọ̀kan ni."

Àbúrò mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó jáde. Inú bí i dé ibi tí kò rò pé inú lè bí òun dé. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ojú kan ṣoṣo tí mo ní, òun ló ń parọ́ fún mi." Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi dé ẹsẹ̀ ibùsùn náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan péré ló wà láàárín wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, tẹlifóònù dún láti yàrá àwọn aláìsàn. Nọ́ọ̀sì kí i. Kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, Àbúrò ti mọ̀.

Wọ́n sin Ẹ̀gbọ́n. Àbúrò ní kí ẹnikẹ́ni má ránṣẹ́ sí ìyá àwọn, òun fúnra òun ni yóò lọ sọ fún un. Oṣù méjì kọjá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lè gbé e. Ó wọ ọkọ̀ ní òun nìkan. Ó jókòó sójú fèrèsé, níbi tí Ẹ̀gbọ́n máa ń jókòó.

Ọkùnrin kan wá jókòó tì í. Òórùn ìyẹ̀fun pákó wà lára rẹ̀. Ó ní káfíńtà lòun, ó ní ìlẹ̀kùn ilé ìwé kan lòun ń lọ ṣe níbi tí ọkọ̀ parí sí. Ó ti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ bọ abẹ́ ìjókòó, ó sì fi ìka kan ara ọkọ̀ náà gbọ́n-ọ́n.

"Ẹni tó kan pákó yìí," ó ní, "ebi ń pa á lọ́jọ́ náà."

Àbúrò rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méjì nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Oòrùn kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó bọ́ sí iwájú orí. Ó ń ro bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà fún ìyá rẹ̀.

Ọkọ̀ dúró. Ẹ́ńjìnnì mí kanlẹ̀, ó dákẹ́. Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké nínú omi lọ́hùn-ún. Lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn dákẹ́.

"Àǹtí," ni káfíńtà wí. "Ṣé ẹ mọ ènìyàn níbí ni?"

"Rárá o. Kí ló dé?"

"Àwọn obìnrin méjì kan ń juwọ́ sí yín."

Àbúrò sún mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi. Ẹ má fi kún un."

"Ilé pákó ni. Ẹni tó kàn án mọṣẹ́. Wọ́n ti pààrọ̀ pákó mẹ́rin lókè. Obìnrin kan wọ aṣọ yẹ́lò, ó di okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí mú. Èkejì..." Ó dánu dúró. "Èkejì rù gan-an. Aṣọ ilé ìwòsàn ló wọ̀. Irú èyí tí wọ́n máa ń so lẹ́yìn."

Àbúrò fi ọwọ́ wá fèrèsé, ó fà á sílẹ̀. Atẹ́gùn wọlé, ó tutù, ó ń rùn bí ọṣẹ àti aṣọ tútù. Ó gbọ́ bí aṣọ ṣe ń lu ara wọn lórí okùn. Ó mọ ìró náà dáadáa. Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ló ti ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. Kò pariwo. "Ẹ má bínú sí mi."

Ó yíjú sí káfíńtà. "Ṣé ó gbọ́?"

"Mi ò mọ̀. Ó ti ń sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀."

"Kí ló ń sọ?"

"Ohùn rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnu rẹ̀ ṣáà ń lọ. Ó tún ń nàka."

"Sí mi?"

"Kọjá yín. Sí òdì kejì ọkọ̀. Ó dà bí ẹni tó ń ròyìn ohun tó ń rí."

Àbúrò di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Kí ló wà lódì kejì?"

"Ẹ jẹ́ kí n wò."

Ó dìde. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin, Àbúrò kà á. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà, ńṣe ló ń wọ́ ẹsẹ̀. Ó jókòó bí ẹni tó sọ ẹrù sílẹ̀.

"Kí ni ẹ rí?"

Àbúrò fà á lápá ẹ̀wù.

"Káfíńtà. Kí ni ẹ rí?"

Ọkọ̀ kejì dé lójijì. Ó kọjá láàárín fèrèsé àti omi, gbogbo ara ọkọ̀ tiwọn sì ń gbọ̀n. Ó lọ. Ọ̀pọ̀lọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké padà.

"Ilé náà ńkọ́?" ni Àbúrò béèrè.

"Omi ni," ni káfíńtà wí. "Omi àti koríko."

"Òdì kejì ńkọ́?"

"Ẹ má bi mí."

Ohùn náà kò ṣàjèjì sí i. Òun ni ohùn àwọn tó ń pe ilé ìwòsàn láàárọ̀ kùtù, tí wọ́n ti mọ ìdáhùn kí wọ́n tó béèrè. Ní ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, káfíńtà sọ̀kalẹ̀. Kò kí i pé ó dàbọ̀. Ọkọ̀ kò tí ì dé ibi tó ń lọ. Àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó síbẹ̀.

Ilẹ̀ kò tí ì ṣú tán nígbà tí Àbúrò dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Kò mu omi. Ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìyá arúgbó náà jókòó sórí àga. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé ó jẹun kó tó lọ?"

"Mi ò mọ̀, Màámi. Mi ò dé ọ̀dọ̀ wọn fún ọjọ́ mẹ́ta."

Ìyá fi ọwọ́ lé e lórí. Kò mú ọwọ́ náà kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà, ọ̀kan lórí àga, ọ̀kan nílẹ̀, wọ́n ń sunkún láìpariwo.

Nígbà tó ń padà, Àbúrò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò bóyá ilé wà níbi tí ọkọ̀ méjì ti ń yà fún ara wọn.

"Ilé kẹ̀? Omi ni, Màmá. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gba ibẹ̀."

"Òdì kejì ńkọ́?"

Ọkùnrin náà lu tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kọjá lọ.

Ó ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn. Òdì kejì ló ń jókòó sí báyìí, ibi tí Ẹ̀gbọ́n nàka sí. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó ti rí i pé ẹni yòówù tó bá jókòó tì í, bó ti wù kí ẹnu rẹ̀ dùn tó, bí ọkọ̀ bá ti dúró níbẹ̀, ẹni náà á dákẹ́. Bí ọkọ̀ bá tún ṣí, á gbé ọ̀rọ̀ mìíràn wọlé.

Nígbà tó lọ kẹ́yìn, obìnrin kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ló jókòó tì í. Láti òwúrọ̀ ni ọmọ náà ti ń ka igi. Ọkọ̀ dúró. Ọ̀pọ̀lọ́ dákẹ́.

"Mọ́mì, ẹ wo..."

Àbúrò gbọ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe bo ẹnu ọmọ náà.

"Pa ojú dé," ni ìyá rẹ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Má ṣí i títí màá fi sọ fún ọ."

Àbúrò kọjú sí fèrèsé. Ó fi iwájú orí kan dígí rẹ̀, ó tutù. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, títí ọkọ̀ fi gbéra.