Ìwúkàrà Dà?

Bíńtín ni gbogbo ilé ń pè é. Kékeré ni lóòótọ́, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò kéré.

Lọ́jọ́ yìí, Bíńtín jí kí oòrùn tó jí. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wálé láti ilé ìwòsàn. Ó ń gbé ọmọ tuntun bọ̀!

"Kí lo fẹ́ jẹ tó o bá dé?" ni Bàbá bi Ìyá lórí fóònù.

"Búrẹ́dì gbígbóná," ni Ìyá dáhùn. "Èyí tó o fọwọ́ ara rẹ ṣe. Oúnjẹ ilé ìwòsàn ti sú mi!"

Ni Bàbá bá ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ó bu ìyẹ̀fun. Ó bu omi. Ó bu iyọ̀ díẹ̀. Ó mú agolo pupa kékeré kan, ó gbọ̀n ọ́n.

Agolo ò dún. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Yéè!" ni Bàbá wí. "Ìwúkàrà ti tán!"

"Kí ni ìwúkàrà ń ṣe?" ni Bíńtín béèrè.

"Òun ló ń mú kí búrẹ́dì wú. Bí kò bá sí i, òkúta la máa gbé fún ìyá rẹ."

Òkúta kẹ̀! Bíńtín ti ń wọ bàtà.

Ìyá Àgbà mú ọ̀pá rẹ̀. "Ó yá, ọkọ mi. Jẹ́ ká lọ rà á."

Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan wà ní ìkángun òpópónà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀. Ṣùùù!

Inú rẹ̀ tutù. Iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò. Pẹpẹ ọjà wà lọ́tùn-ún, pẹpẹ ọjà wà lósì, wọ́n ga fíofío.

"Ẹ̀gbẹ́ ìyẹ̀fun ló máa ń wà," ni Ìyá Àgbà wí.

Wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ìyẹ̀fun. Ìyẹ̀fun wà. Ṣúgà wà. Ìwúkàrà dà?

Ọṣẹ ìfọṣọ ló jókòó sáyè rẹ̀, ó ń wò wọ́n.

"Wọ́n tún ti gbé nǹkan kiri," ni Ìyá Àgbà ráhùn. "Bó o bá wá lónìí, ó wà níbí. Bó o bá wá lọ́la, ó ti kó lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀!"

Ọkùnrin kan ń to ọjà sórí pẹpẹ. Atojà niṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Bíńtín wí. "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ìwúkàrà wà?"

Atojà ò bojú wẹ̀yìn. Ó kàn na ìka. "Lọ́hùn-ún, nídìí bisikíìtì."

Pa, pa, pa, ni bàtà Bíńtín ń dún. Kò, kò, kò, ni ọ̀pá Ìyá Àgbà ń dún.

Wọ́n dé ìdí bisikíìtì. Bisikíìtì nìkan ló wà níbẹ̀.

Obìnrin kan ń gbálẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ìwúkàrà wà?"

Agbálẹ̀ ò dúró. Ó kàn na ìgbálẹ̀. "Lọ́hùn-ún, nídìí wàrà."

Pa, pa, pa. Kò, kò, kò.

Wọ́n dé ìdí wàrà. Òtútù nìkan ló kí wọn káàbọ̀.

Obìnrin kan ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ìwúkàrà wà?"

Agbowó ò gbójú sókè. Ó kàn na bírò. "Lọ́hùn-ún, nídìí ìyẹ̀fun."

"Ìdí ìyẹ̀fun la ti ń bọ̀!" ni Bíńtín kígbe.

Ìyá Àgbà fẹ̀yìn ti ògiri. Ó mí kanlẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn ún.

"Ọkọ mi, jẹ́ ká máa lọ," ó ní. "Ká kúkú ra bisikíìtì fún ìyá rẹ."

Bíńtín wo bisikíìtì. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó rántí ohùn ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

Ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Gbì!

"Mi ò gbà! Ìyá ò sọ pé bisikíìtì. Ìyá ní búrẹ́dì. Mi ò kúrò níbí!"

Ó padà lọ bá Atojà. Pa! Pa! Pa!

"Kò sí nídìí bisikíìtì," ó ní.

Atojà tún na ìka. "Ó yẹ kó wà lọ́...."

"Ìka ò lẹ́sẹ̀," ni Bíńtín wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa débẹ̀."

"Mo níṣẹ́ lọ́wọ́, ọmọ dáadáa."

"Èyí náà, iṣẹ́ ni."

Atojà wo Ìyá Àgbà, bóyá á gbà á sílẹ̀. Ìyá Àgbà wo òrùlé.

"Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ," ni Ìyá Àgbà wí. "Dìde, ọmọ mi."

Atojà dìde.

Wọ́n kan Agbálẹ̀. Agbálẹ̀ na ìgbálẹ̀.

"Ìgbálẹ̀ náà ò lẹ́sẹ̀," ni Bíńtín wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa débẹ̀."

Agbálẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ lé wọn.

Pa, pa, pa. Kò, kò, kò. Gbàrà, gbàrà, ni bàtà Atojà. Wọ́ọ́, wọ́ọ́, ni ìgbálẹ̀ Agbálẹ̀.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù gbọ́ ariwo. Ó jáde síta, pẹ̀lú táì gígùn lọ́rùn.

"Kí ló dé? Kí lẹ̀ ń wá kiri?"

"Ìwúkàrà!" ni gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀gá wo pẹpẹ òkè. Ó wo pẹpẹ àárín. Ó pàtẹ́wọ́, ó gbọn ọwọ́ nù.

"Ó ti tán. Ẹ padà wá lọ́la."

"Lọ́la kẹ̀?" Ojú Bíńtín ti ń ṣomi, àmọ́ kò jẹ́ kí omi náà já bọ́. "Òní ni ìyá mi ń bọ̀! Ẹ ti wo òkè. Ẹ ti wo àárín. Ta ló wo ìsàlẹ̀?"

Wọ́n bojú wo ilẹ̀.

"Ẹ̀yìn ń dùn mí," ni Atojà wí.

"Orúnkún ń dùn mí," ni Agbálẹ̀ wí.

Ọ̀gá ń wo ṣòkòtò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

"Ó dáa," ni Bíńtín wí. Ó dojú bolẹ̀, ó fi ikùn kan ilẹ̀. Ó gbórí sókè, ó wò wọ́n.

"Ẹ̀yin náà, ẹ wálẹ̀!" Ó rántí ẹ̀kọ́ ilé. "Ẹ jọ̀ọ́."

Atojà bẹ̀rẹ̀. Agbálẹ̀ kúnlẹ̀. Ọ̀gá náà kúnlẹ̀, táì rẹ̀ sì ń wọ́ nílẹ̀ bí ìrù.

Wọ́n ń rá pálá lọ. Wọ́n wo ìsàlẹ̀ ibi ṣúgà. Kò sí. Wọ́n wo ìsàlẹ̀ ibi ìrẹsì. Kò sí. Wọ́n wo ìsàlẹ̀ ibi oúnjẹ ajá. Kò sí.

Wọ́n dé ìsàlẹ̀ ibi oúnjẹ ológbò. Nǹkan kan pupa lẹ́yìn lọ́hùn-ún.

Bíńtín na ọwọ́ wọlé dé ìgbọ̀nwọ́. Kò tó o. Ó nà á wọlé dé èjìká.

Ó fà á jáde. Ó gbọ̀n ọ́n.

Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀! Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀!

"Mo rí i! Mo rí i!"

"Kí ni ìwúkàrà ń wá nídìí oúnjẹ ológbò?" ni Ọ̀gá bi Atojà.

Atojà wo Agbálẹ̀. Agbálẹ̀ wo ìgbálẹ̀.

Ọ̀gá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ojú rẹ̀ àti ojú Bíńtín ṣe déédéé.

"Ẹ dá a padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹ̀fun," ni Bíńtín wí fún un. "Kẹ́ ẹ má sì gbé e kiri mọ́. Ẹ wo ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà mi!"

"A ti gbọ́," ni Ọ̀gá wí. Ó yíjú sí Ìyá Àgbà. "Ẹ má bínú, Mà." Òun fúnra rẹ̀ ló lọ gbé àga wá fún Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà sinmi díẹ̀. Wọ́n sanwó. Ó di ilé.

Bàbá da ìwúkàrà sínú ìyẹ̀fun. Ó pò ó, ó pò ó. Ó fi aṣọ bò ó.

"Ṣé ó ti wú?" ni Bíńtín béèrè.

"Rárá."

"Ṣé ó ti wú báyìí?"

"Ó ku díẹ̀."

Bíńtín ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ṣí aṣọ. Háà! Ìyẹ̀fun ti yọ ikùn bàǹbà!

Bàbá gbé e sínú ààrò. Òórùn rẹ̀ gba inú ilé, ó gba ẹnu ọ̀nà.

Kò, kò, kò!

Ìyá dé! Ó gbé ọmọ tuntun sápá, ọmọ náà ń sùn. Bíńtín dì mọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ gbágbáágbá.

Ìyá jókòó. Ó fọwọ́ bu búrẹ́dì, ó ń jó o lọ́wọ́. Ó fi sẹ́nu. Ó di ojú.

"Ta ló ṣe irú búrẹ́dì aládùn yìí?"

"Èmi ni," ni Bàbá wí.

"Bàbá ló pò ó," ni Bíńtín wí. "Èmi ni mo mú un wú!"

Bíńtín bu díẹ̀ fún ọmọ tuntun, ó gbé e lọ sẹ́nu rẹ̀.

Ìyá yára di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Rárá o! Kò tíì ní eyín."

Bíńtín bẹjú wo ẹnu ọmọ náà. Òótọ́ ni. Kò séyín kankan níbẹ̀.

Ó jẹ tọmọ náà mọ́ tirẹ̀.