Odò Kì Í Fi Ẹnu Mu Omi

Ọmọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́ ń pọn omi láàárọ̀ kùtùkùtù.

Ó bu omi nínú odò ńlá. Ó sáré gbé e lọ. Ó dà á sínú odò kékeré. Ṣàà!

Ṣùgbọ́n odò kékeré ti gbẹ. Iyanrìn fa omi náà mu tán. Fìììn.

Abẹ́rẹ́ tún bu omi. Ó tún dà á. Ṣàà! Iyanrìn tún fà á mu. Fìììn.

"Kí lò ń ṣe?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló bi í.

"Mò ń fún odò kékeré lómi mu. Ẹnu odò nìyí. Ìyá Àgbà ló pè é bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ Abẹ́rẹ́ yìí! O kúkú ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi ni."

Abẹ́rẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ń ya àwọn odò sára ògiri ilé ìwé. Òní ni iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ parí. Odò tí kò bá ṣàn kò ní sí níbẹ̀.

Bàbá Àgbà ló ń tọ́jú odò kékeré yìí tẹ́lẹ̀. Bàbá Àgbà ti kú. Kò ní padà wá mọ́.

Abẹ́rẹ́ kò fẹ́ kí odò rẹ̀ náà lọ.

Ó sáré lọ sí ilé ìwé. Kítí, kítí, kítí.

Ìyá Àgbà wà lórí àkàbà. Búrọ́ọ̀ṣì ń lọ, ó ń bọ̀. Fẹ̀ẹ̀, fẹ̀ẹ̀.

Òkè gíga wà lókè ògiri. Òjò ń rọ̀ sórí òkè náà. Odò kan ń bọ̀ lápá ọ̀tún, láàárín àpáta. Odò kan ń bọ̀ lápá òsì, láàárín igbó. Wọ́n pàdé. Wọ́n di odò ńlá.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya odò kékeré náà."

"Ṣé ó ń ṣàn?"

"Rárá, mà."

"N kì í ya ohun tí kò sí. Àwọn ọmọ ló máa fi ògiri yìí kẹ́kọ̀ọ́. Mi ò ní parọ́ fún wọn."

"Mo dami sí i lẹ́nu, mà. Kò gbé e mì."

Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀. "Igbá mélòó lo dà?"

"Mẹ́wàá."

"O fi igbá omi mẹ́wàá ṣòfò. Gbọ́, ọmọ mi. Odò kì í fi ẹnu mu omi."

"Kí ló wá fi ń mu ún?"

"Orí." Ìyá Àgbà nawọ́ sí òkè. "Orí odò wà lókè lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ló ti ń mumi òjò. Ẹnu rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹnu ló fi ń fún odò ńlá lómi."

Abẹ́rẹ́ ronú. Orí lókè. Ẹnu nísàlẹ̀.

"Àbí orí ń fọ́ odò wa ni, mà?"

"Lọ wò ó. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ọ lọ. Ẹ mú ọkọ́ Bàbá Àgbà dání. Kí ọ̀dà yìí tó gbẹ, kí ẹ ti dé."

Wọ́n tẹ̀ lé ipa odò gbígbẹ. Wọ́n gun òkè. Wọ́n tún gun òkè. Ẹsẹ̀ ń ro wọ́n.

"Jẹ́ ká padà," Ẹ̀gbọ́n wí. "Odò bíńtín báyìí! Kí ló fẹ́ fi kún odò ńlá?"

"Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ," Abẹ́rẹ́ dá a lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n tún gbé ẹsẹ̀. Wọ́n ń lọ.

Wọ́n dé orí odò. Òkúta mẹ́ta tí Bàbá Àgbà tò síbẹ̀ ṣì wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka igi ti wó lé wọn. Ewé àti ẹrẹ̀ ti dí ojú omi. Omi ti yà gba ẹ̀yìn òkè lọ.

"Ọdọọdún ni Bàbá Àgbà máa ń kó o," Ẹ̀gbọ́n sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Lọ́dún yìí, kò sẹ́ni tó kó o."



Abẹ́rẹ́ gbé ọkọ́ sókè. Ọkọ́ náà wúwo. Gbì! Ó wa ẹrẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọ́ ẹ̀ka igi kúrò. Gbì! Wọ́n kó ewé. Gbì! Gbì!

Tó.

Tó, tó.

Tó, tó, tó. Ṣọ́rọ́rọ́rọ́!

"Ó ń mumi!" Abẹ́rẹ́ pariwo. "Orí rẹ̀ ti yá!"

Wọ́n sáré sọ̀ kalẹ̀. Omi náà ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó gba orí iyanrìn. Ó dé ẹnu odò. Ó wọ inú odò ńlá. Ṣọ̀ọ̀!

Ìyá Àgbà ti dúró sétí odò. Ó ki ọwọ́ bọ omi.

"Ó tutù," ó wí. "Bó ṣe máa ń tutù náà nìyí."

Wọ́n jọ padà sí ilé ìwé. Ìyá Àgbà mú búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín jù. Ó fi lé Abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Ìwọ ni kó o yà á. Ìwọ lo mọ ibi tí orí rẹ̀ wà."

Abẹ́rẹ́ gun àkàbà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ó to òkúta mẹ́ta síbẹ̀. Ó fa odò náà wálẹ̀, tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ó fà á dé ẹnu. Fẹ̀ẹ̀.

Ọ̀dà kò kán sílẹ̀ rárá.

Ó fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ó gbé ọkọ́ Bàbá Àgbà lé èjìká.

"Ó dàbọ̀, Ìyá Àgbà."

Ó ń lọ sílé, odò kékeré ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣọ́rọ́rọ́.